Orí Kẹrin: Ẹsẹ̀ Tí Yóò Bá Wágọ́nù Ẹrù Yín Mu

Ojú irin méjì ló wà l'Ábẹ́òkúta, wágọ́nù tó ń sáré lórí ọ̀kan kò sì lè gun èkejì. Ti Láfẹ́nwá ni àgbà. Láti Èkó ni ìjọba àwọn òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹ ní 1896, nígbà tó sì di 1901, ọkọ̀ ti ń ná an láti Èkó dé Ìbàdàn. Àlàfo tó wà láàárín irin rẹ̀ méjèèjì jẹ́ mìlímítà 1067. Ti Ládérìn ni àbúrò, èyí tí ilé iṣẹ́ CCECC láti orílẹ̀-èdè Ṣáínà kọ́, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 10 oṣù Okúdù 2021, tí wọ́n sì fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ ibùdókọ̀ rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta. Àlàfo tirẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1435. Mìlímítà 368 ló ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, ìyẹn ni kò sì jẹ́ kí wágọ́nù ojú irin àtijọ́ lè bọ́ sórí ti tuntun láìjẹ́ pé wọ́n pààrọ̀ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ ńlá yìí náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ kékeré tí a ń tò sórí tábìlì nínú yàrá. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ ẹsẹ̀ wágọ́nù ẹrù kékeré, yálà ó rà á ní tòkunbọ̀, tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, tàbí òun fúnra rẹ̀ ló gé e láti ara ike àti páálí, gbọ́dọ̀ mọ̀ pé orúkọ ara páálí ọjà kò tó láti fi yan ẹsẹ̀. Ìdì ẹsẹ̀ méjì lè ní orúkọ kan náà lára, kí ọ̀kan wọ wágọ́nù yín wẹ́rẹ́, kí èkejì máa jábọ́ ní gbogbo oríta irin. Ìwọ̀n ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́. Ìwọ̀n náà kò sì pọ̀, kò ju márùn-ún lọ: àlàfo ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn, gígùn ọ̀pá, ìrísí etí, fífẹ̀ ojú, àti gíga ẹsẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè. Iná ló kẹ́yìn, ó sì ní ìbéèrè tirẹ̀.

Láfẹ́nwá ni, àbí Ládérìn?

Kí ẹ tó wọn ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ pinnu ojú irin tí ẹ fẹ́ ṣe àwòṣe rẹ̀, àti iye tí ẹ fẹ́ dín in kù. Ojú irin kékeré tó wọ́pọ̀ jù lọ lágbàáyé jẹ́ mìlímítà 16.5 láàárín irin méjèèjì. Ní Amẹ́ríkà àti ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, HO ni wọ́n ń pè é, ìdá kan nínú 87 ni wọ́n sì ń dín ọkọ̀ kù sí. Ẹ pín 1435 sí ọ̀nà 87, ẹ ó rí 16.5 gééré. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ṣe ọkọ̀ Ládérìn kò ní wàhálà níbí. Ọkọ̀ rẹ̀ àti ojú irin rẹ̀ bára mu látilẹ̀ wá.

Ti Láfẹ́nwá gba ìrònú díẹ̀. Bí ẹ bá pín 1067 sí ọ̀nà 87, 12.3 ni ẹ ó rí, ẹ ó sì nílò ojú irin mìlímítà 12, èyí tó ṣọ̀wọ́n lọ́jà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pín in sí ọ̀nà 64, 16.7 ni, ìyẹn sì sún mọ́ 16.5 débi pé kò sí ojú tó lè mọ ìyàtọ̀. Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe àwòṣe ọkọ̀ ní New Zealand ń tọ̀, nítorí pé 1067 ni ojú irin tiwọn náà. Àwọn kan nínú wọn tí yàrá wọn kéré ń lo ojú irin mìlímítà 9, wọ́n á wá dín ọkọ̀ kù sí ìdá kan nínú 120, ìṣirò náà sì jáde: 8.9. Ẹ jẹ́ kí inú yín dùn pé ojú irin Láfẹ́nwá kò dá wà láyé. Gánà, South Africa àti Japan ní irú rẹ̀, ìwé àti ìrírí àwọn ará ibẹ̀ sì wúlò fún wa.

Ìdá kan nínú 64 ni mo fara mọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe Láfẹ́nwá. Wágọ́nù náà máa tóbi lọ́wọ́, ẹ ó rí ààyè fi kọ nọ́ńbà àti àkọlé sí i lára, ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe fún ojú irin 16.5, tó kún ọjà, máa sì bá a ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ń lo 16.5 yìí kan náà fún ọkọ̀ tí wọ́n dín kù sí ìdá kan nínú 76, tí wọ́n ń pè ní OO. Àwọn ará Japan ń lò ó fún ìdá kan nínú 80. Ojú irin kan ṣoṣo, ìwọ̀n ọkọ̀ mẹ́rin! Ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe fún wọn kò ga bákan náà, ọ̀pá wọn kò sì gùn bákan náà. Ẹni tó bá béèrè ẹsẹ̀ 16.5 lásán kò tíì béèrè nǹkan kan.

Irinṣẹ́ tí kò ṣeé fi ṣeré

Kálípà ni, irinṣẹ́ tí àwọn oníléètì fi ń wọn bí irin ṣe nípọn tó. Èyí tó ní ojú tí nọ́ńbà ti ń yọ kò wọ́n, ẹ sì lè fi í ka ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà. Rúlà ilé ìwé kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, torí pé ohun tó ń mú ọkọ̀ jábọ́ kì í tó ìdajì mìlímítà nígbà mìíràn.

Ẹgbẹ́ NMRA ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1935, ló ṣètò ìlànà ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń tẹ̀ lé. Wọ́n ń ta irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n gé ojú ihò oríṣiríṣi sí lára. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ lé ojú tó yẹ, ẹ ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bóyá ó tọ́ tàbí kò tọ́. Bí owó bá wà fún irinṣẹ́ méjì péré, kálípà àti irin pẹlẹbẹ yìí ni kẹ́ ẹ rà. Kí àwọn tó kù dúró.

Ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn

Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin kò dà bíi ti mọ́tò. Méjì-méjì ni wọ́n ń rìn, ọ̀pá kan ló gún wọn láàárín, wọ́n sì jọ ń yí pọ̀ ni. Ibi tí ẹsẹ̀ fi ń tẹ orí irin là ń pè ní ojú rẹ̀. Èyí tó yọ sísàlẹ̀ níhà inú, tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ yẹ̀ kúrò lórí irin, ni etí. Bí ẹ bá yí ẹsẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, tí ẹ sì wọn àlàfo tó wà láti ẹ̀yìn ẹsẹ̀ kan dé ẹ̀yìn èkejì, ìyẹn ni ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn. Nínú gbogbo ìwọ̀n tó wà, òun ló ṣe pàtàkì jù, òun sì ni àwọn ènìyàn kì í sábà wọ̀n.

Fún ojú irin 16.5, ohun tí a fẹ́ ni 14.4 sí 14.5. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní oríta, níbi tí irin kan ti pín sí méjì. Níbẹ̀, irin ní láti já, kí etí ẹsẹ̀ lè rí àyè kọjá, ṣóńṣó irin kan sì máa ń wà níwájú àyè náà. Kí etí má baà lọ gbá ṣóńṣó yìí, wọ́n máa ń gbé irin kékeré mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ irin òdìkejì. Iṣẹ́ irin kékeré yìí ni láti fa ẹ̀yìn ẹsẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́ra, kí ẹsẹ̀ kejì lè jìnnà sí ṣóńṣó. Bí ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn bá fẹ̀ jù, irin kékeré náà kò ní rí ẹsẹ̀ fà tó. Etí á gbá ṣóńṣó, ọkọ̀ á fò, tàbí kí ẹsẹ̀ iwájú gba ọ̀nà kan kí ti ẹ̀yìn gba òmíràn. Bí ó bá sì há jù, ẹ̀yìn ẹsẹ̀ máa há mọ́ irin kékeré náà, á gùn ún lọ sókè, wágọ́nù á sì dojú dé. Ẹ̀bi méjèèjì ló jọra lójú ẹni tó jókòó sídìí tábìlì: ó rí i pé ọkọ̀ jábọ́ ní oríta. Oríta ló máa ń bú, á tú u, á tún un tò, kò sì ní rí nǹkan kan níbẹ̀.

Àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ àti ti ilé iṣẹ́ Märklin ti Jámánì ní ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn tó há, nǹkan bí 14.0. Bí wọ́n bá kó irú wọn bọ̀ nínú ẹrù tòkunbọ̀, ẹ wọ̀n wọ́n kí ẹ tó gbé wọn sórí ojú irin òde òní.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le bí ẹsẹ̀ bá jẹ́ irin tí wọ́n tì sórí ọ̀pá. Ẹ di ẹsẹ̀ méjèèjì mú, ẹ máa yí wọn lódì síra wọn, kí ẹ sì máa fà wọ́n díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fa ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Bí ẹ bá nílò 0.2, kí 0.1 wá láti ọ̀tún, kí 0.1 wá láti òsì, torí ẹsẹ̀ méjèèjì ní láti jìnnà sí ṣóńṣó ọ̀pá bákan náà, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wágọ́nù á máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nǹkan kan wà tí àwọn oníléètì wa lè ṣe fún yín níbí. Ẹ ní kí wọ́n gé idẹ kan fún yín, kí ó nípọn 14.5 géérégé, kí ojú rẹ̀ méjèèjì tẹ́jú. Ẹ ti idẹ náà sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ tẹ̀ wọ́n mọ́ ọn títí wọn yóò fi kàn án. Ẹ kò tún ní wo kálípà mọ́ fún iṣẹ́ yẹn, ẹ lè tún ogún wágọ́nù ṣe níjòókòó kan. Ṣùgbọ́n n kò gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ ní kí oníléètì gbẹ́ ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìrísí etí àti ojú kéré jù, owó tí ẹ máa san á sì ju ti ìdì ẹsẹ̀ tó ti ilé iṣẹ́ wá lọ.

Ọ̀pá àti ihò rẹ̀

Ìwọ̀n kejì ni gígùn ọ̀pá, láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó. Ọ̀pọ̀ wágọ́nù òde òní ni orí ọ̀pá wọn mú bí abẹ́rẹ́, tó sì ń yí nínú ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú férémù ẹ̀gbẹ́. Ibi tó mú yìí nìkan ló ń kan ihò, ìdí nìyẹn tí wágọ́nù fi ń yí fẹ́rẹ́.

Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 26. Ti Amẹ́ríkà ń sún mọ́ ọn, wọ́n sì fẹ́ràn láti kọ ọ́ ní ínṣì: 1.015 ínṣì jẹ́ 25.8. Ti Yúróòpù, níbi tí ìlànà NEM ti ń darí wọn, sábà máa ń jẹ́ 24.75. Ẹ rí i pé ìyàtọ̀ mìlímítà kan àti díẹ̀ wà láàárín ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Jámánì, bẹ́ẹ̀ wọ́n jọ ń sáré lórí ojú irin kan náà.

Bí ọ̀pá bá gùn jù, á ti férémù méjèèjì síta, ẹsẹ̀ á wúwo láti yí, férémù ike sì lè ya tó bá pẹ́. Bí ó bá kúrú jù, ọ̀pá á máa mì nínú ihò, wágọ́nù á sún sísàlẹ̀, á máa tẹ̀ sọ́tùn-ún tẹ̀ sósì bó ti ń lọ, ẹsẹ̀ sì lè yọ jáde nígbà tí ẹ bá gbé e. Èyí tó tọ́ máa ń sún díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹ bá fi èékánná tì í, ṣùgbọ́n kì í sún tó ìdajì mìlímítà.

Ọ̀pá àtijọ́ ni kẹ́ ẹ wọ̀n, tí ó bá ṣì wà nínú wágọ́nù. Bí kò bá sí mọ́, ẹ wọn àlàfo inú férémù, ẹ wá fi jíjìn ihò ọ̀tún àti ti òsì kún un. Èyí kò péye tó ti àkọ́kọ́, nítorí náà ẹ ra oríṣi méjì tí gígùn wọn sún mọ́ra, kí ẹ dán wọn wò. Bí ihò bá ti jẹ, tí ó ti fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n ń ta fìlà idẹ kékeré tí a ń tì bọ inú rẹ̀. Ẹ gbẹ́ ihò náà díẹ̀, ẹ ti fìlà bọ̀ ọ́, ọ̀pá á rí ibùjókòó tuntun. Fún ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ wágọ́nù Láfẹ́nwá ní ìdá kan nínú 64, fìlà idẹ ni mo rò pé ó dára jù látìbẹ̀rẹ̀, torí ike tí a gé nílé kì í pẹ́ jẹ.

Àwọn wágọ́nù kan tó ti pẹ́ gan-an wà tí orí ọ̀pá wọn kò mú rárá. Ó rí kùkùté, ó sì gba inú ihò rọ̀bọ̀tọ̀ kọjá. Ẹ má fi ọ̀pá abẹ́rẹ́ sínú irú férémù bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ fi fìlà idẹ sí i.

Etí àti ojú

Etí tó ga jù ni àìsàn ọkọ̀ tòkunbọ̀. Láyé àtijọ́, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé ń gbé etí ga kí ọkọ̀ má baà jábọ́ lórí ojú irin tí kò tẹ́jú. Irin ìgbà náà ga, kò sì sí wàhálà. Irin òde òní ti kéré sí i. A máa ń fi ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ínṣì ka gíga irin: èyí tí wọ́n ń pè ní code 100 ga ní 2.54, code 83 ga ní 2.1, code 75 ga ní 1.9. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ àtijọ́ sórí code 75, etí rẹ̀ á máa gbá àwọn èèkàn tó di irin mú, ẹ ó máa gbọ́ ta-ta-ta láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ìrísí tí NMRA fọwọ́ sí, tí wọ́n ń pè ní RP-25, ni kẹ́ ẹ máa wá. Etí rẹ̀ kò ga, ibi tí etí ti pàdé ojú sì rọra tẹ̀, èyí tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ padà sáàárín irin fúnra rẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ gidi tó ń gba Láfẹ́nwá kọjá náà kò tẹ́jú. Ó ga díẹ̀ níhà inú ju ìta lọ, ìdí kan náà ni wọ́n sì fi ṣe é bẹ́ẹ̀.

Fífẹ̀ ojú pín sí méjì lọ́jà. Code 110 fẹ̀ ní 2.8, code 88 fẹ̀ ní 2.2. Èyí tó tín-ín-rín ló jọ ẹsẹ̀ gidi jù, pàápàá tí ènìyàn bá wo wágọ́nù láti ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n bí oríta irin yín bá jẹ́ ti àtijọ́, tí àyè tó wà níwájú ṣóńṣó fẹ̀, ẹsẹ̀ tín-ín-rín á bọ́ sínú àyè náà, á sì fo jáde. Code 110 ni kí ẹni tí ojú irin rẹ̀ jẹ́ àdàpọ̀ tòkunbọ̀ àti tuntun rà. Ẹwà lè dúró.

Gíga ẹsẹ̀

Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: ẹ mú gíga ẹsẹ̀ gidi, ẹ pín in sí iye tí ẹ fi dín ọkọ̀ kù. Wágọ́nù ẹrù tí àwọn ará Ṣáínà ń ṣe fún ojú irin 1435 sábà máa ń ní ẹsẹ̀ tó jẹ́ 840. Pín in sí ọ̀nà 87, ó di 9.7. Ní Amẹ́ríkà, wágọ́nù tí ẹrù rẹ̀ kò pọ̀ jù ń lo ẹsẹ̀ ínṣì 33, tó jẹ́ 838, àwọn tó ń ta ẹsẹ̀ HO sì ń pe tiwọn ní orúkọ yẹn gan-an. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé ìdì tí wọ́n bá kọ ínṣì 33 sí lára bá wágọ́nù ẹrù Ládérìn mu láìsí àtúnṣe. Èyí tí wọ́n kọ 36 sí, tó jẹ́ 10.5, wà fún àwọn wágọ́nù ńlá ti Amẹ́ríkà tó ń ru nǹkan bí ọgọ́rùn-ún tọ́ọ̀nù. Ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Fún Láfẹ́nwá, ẹ lọ wo wágọ́nù fúnra yín. Ẹ bá ọ̀gá ibùdókọ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó sún mọ́ ọn, ẹ má sì bọ́ sórí ojú irin. Kí ẹnì kan di ọ̀pá mítà kan mú lóòró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, kí ẹ dúró ní ọ̀ọ́kán, kí ẹ ya fọ́tò. Nígbà tí ẹ bá délé, ọ̀pá mítà náà ni ẹ ó fi ka gíga ẹsẹ̀ inú fọ́tò. Ká ní ó jẹ́ 840: ní ìdá kan nínú 64, ó di 13.1. Kò sí ẹsẹ̀ HO ti Amẹ́ríkà tó ga tó bẹ́ẹ̀ fún wágọ́nù ẹrù, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wágọ́nù OO ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 12.6. Ìdajì mìlímítà ni ìyàtọ̀ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dà yín láàmú, torí ẹsẹ̀ gidi náà kì í dúró lójú kan. Bó ti ń jẹ, wọn a gbé e sórí léètì, wọn a ha á títí ojú rẹ̀ fi máa gún, á sì kéré sí i lọ́dọọdún. Wágọ́nù méjì tó so mọ́ra lè ní ẹsẹ̀ tí gíga wọn yàtọ̀.

Ohun tó yẹ kó dà yín láàmú ni ìkọ́ tí wágọ́nù fi ń so mọ́ra. Bí ẹ bá yọ ẹsẹ̀ 9.6, tí ẹ fi 10.5 sí i, wágọ́nù á ga sókè ní ìdajì ìyàtọ̀ náà, bíi 0.45. Ìkọ́ rẹ̀ kò ní bá ti èkejì mọ́, wọ́n á máa já lójú ọ̀nà. Ẹ tún wo abẹ́ wágọ́nù: etí ẹsẹ̀ tó ga lè máa ha ilẹ̀ wágọ́nù tàbí bíréèkì àfarawé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù. Ẹ yí ẹsẹ̀ náà ká lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ọwọ́, ẹ fetí sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná

Inú irin ni iná ti ń wá sínú ọkọ̀ kékeré. Irin ọ̀tún ń ṣiṣẹ́ bíi wáyà kan, irin òsì ń ṣiṣẹ́ bíi èkejì. Bí ẹsẹ̀ irin méjì bá wà lórí ọ̀pá irin kan láìsí ohun tó dá wọn sí méjì, wáyà ti kan wáyà nìyẹn, ohun tó ń pèsè iná á sì kú. Nítorí náà, ẹsẹ̀ irin tó dára ní ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín ẹsẹ̀ àti ọ̀pá, ní ẹ̀gbẹ́ kan tàbí ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Märklin ti Jámánì ń lo ètò mìíràn: àárín ojú irin ni iná rẹ̀ ń gbà wá, irin ọ̀tún àti ti òsì sì jẹ́ ọ̀kan náà lójú iná. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò nílò ike rárá. Bí irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá dé orí ojú irin yín, gbogbo ọkọ̀ tó wà lórí tábìlì á dúró. Ẹ fi mítà àwọn oníṣẹ́ iná wò ó kí ẹ tó gbé e lé e: fi ẹnu kan sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, fi èkejì sí ti òsì. Bí mítà bá dún, ẹ má lò ó.

Bí férémù wágọ́nù yín bá jẹ́ irin, tí ẹsẹ̀ yín sì ní ike ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ẹ kó gbogbo ẹ̀gbẹ́ tó ní ike sí ọwọ́ kan náà nínú wágọ́nù. Ẹ má dà wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá dà wọ́n pọ̀, férémù irin á so ẹsẹ̀ iwájú mọ́ ti ẹ̀yìn, iná á sì gba ibẹ̀ kọjá láti ọ̀tún sí òsì. Ní férémù ike, kò sí ìyọnu yìí.

Irin dára ju ike lọ

Èrò mi lórí èyí kò pín sí méjì. Ẹsẹ̀ ike ń kó ìdọ̀tí, ó ń tẹ ìdọ̀tí náà mọ́ orí irin, ọkọ̀ tó ń fa wágọ́nù kò sì ní rí iná gbà dáadáa mọ́. Nígbà ọyẹ́, tí eruku bá wọ gbogbo yàrá l'Ábẹ́òkúta, ẹ ó rí àbájáde rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹsẹ̀ irin wúwo díẹ̀, ìwúwo náà sì wà nísàlẹ̀ níbi tó yẹ kó wà, wágọ́nù á fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nígbà òjò, irin lásán lè dípẹtà, nítorí náà kí ẹ béèrè bóyá idẹ ni, tàbí irin tí wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì bò.

Fífọ̀ rẹ̀ kò ní ariwo. Ẹ fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ nu ojú ẹsẹ̀ pẹ̀lú sípírítì díẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ó kan ọ̀dà ara wágọ́nù. Ẹ má da epo sínú ihò ọ̀pá tó jẹ́ ike. Epo á kó eruku jọ, á di ẹrẹ̀. Bí ó bá gbẹ jù, ẹ ha dúdú inú pẹ́ńsùlù tó rọ̀, irú 4B, ẹ fi ìyẹ̀fun rẹ̀ díẹ̀ sí orí ọ̀pá.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ rà á

Kò rọrùn fún ẹni tó ń rajà láti òkè òkun láti dá ọjà padà. Owó ìfiránṣẹ́ padà lè ju owó ẹsẹ̀ lọ. Ẹ kọ ìwọ̀n yín sórí ìwé kan fún wágọ́nù kọ̀ọ̀kan: iye tí wọ́n fi dín in kù, gígùn ọ̀pá, gíga ẹsẹ̀, fífẹ̀ ojú, irú férémù, àti irú irin tí ẹ ń lò. Ẹ fi ìwé náà sínú páálí wágọ́nù, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ sínú fóònù. Bí mọ̀lẹ́bí kan bá máa bá yín rà á ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Chicago, fọ́tò yẹn ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí i. Ẹ má sọ fún un pé kí ó ra "ẹsẹ̀ rélùwéè kékeré". Èyí tó bá kọ́kọ́ rí lórí àtẹ ló máa rà.

Mẹ́wàá tàbí méjìlá ni ọ̀pá ẹsẹ̀ tó sábà máa ń wà nínú ìdì kan, méjìlá tó fún wágọ́nù mẹ́ta tó ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ-mẹ́jọ, mẹ́wàá sì tó fún márùn-ún tó ní mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹ ra ìdì kan ṣoṣo lákọ̀ọ́kọ́, bó ti wù kí owó rẹ̀ rọjú tó bí ènìyàn bá ra púpọ̀. Ẹ fi sí wágọ́nù kan. Ẹ gbé pákó tó gùn ní mítà kan lé nǹkan kí orí rẹ̀ kan ga ní sẹ̀ǹtímítà méjì, ẹ tẹ́ ojú irin lé e, ẹ gbé wágọ́nù náà sókè, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó yẹ kó yí lọ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ tì í. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ rọra tì í gba gbogbo oríta tó wà lórí tábìlì yín kọjá, ní ìlọ àti ní àbọ̀, ní ọwọ́ iwájú àti ní ọwọ́ ẹ̀yìn. Bí kò bá yí, ọ̀pá ni kẹ́ ẹ padà wọ̀n. Bí ó bá fò ní oríta, ẹ wọn ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn. Wágọ́nù tó bá yege nínú méjèèjì ni kẹ́ ẹ fi ìwọ̀n rẹ̀ ra ẹsẹ̀ fún gbogbo àwọn tó kù.